Tíì Gbígbóná Ìyá Ìkókó

Mo fẹ́ gbé ọmọ mi kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì kí n fún un lọ́mú, òòyì bá kọ́ mi. Mo di ògiri mú. Àyà mi ń lù bíi ti ẹni tó sáré láti Agbowó dé Ṣàngó, bẹ́ẹ̀ n kò kúrò nínú yàrá. Àtẹ́lẹwọ́ mi funfun bí ẹ̀kọ.

Ní ọsibítù kan ní Ríìn Róòdù, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, wọ́n ní kò tó. Wọ́n ní ara mi kò ní irin tó, èròjà inú oúnjẹ tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀; ó wọ́pọ̀ lẹ́yìn ìbímọ. Wọ́n fún mi ní oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní irin náà nínú.

Ìyá ọkọ mi ti wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ láti bá wa wẹ ọmọ. Ní tiwọn, omi tútù kò gbọdọ̀ kan ọ̀fun ìyá ìkókó. Tíì aláwọ̀ ewé tí ọ̀gá ọkọ mi ní Olúyọ̀lé fún un ni wọ́n ń sè fún mi. “Mu ún, ó ń fọ inú,” ni wọ́n máa ń wí, wọ́n á sì dúró tì mí títí n ó fi fi í gbé oògùn mì.

Nígbà tí mo padà lọ sí ọsibítù, ẹ̀jẹ̀ kò gòkè. Mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì títí omi ọmú fi rin aṣọ mi, kí nọ́ọ̀sì tó pè mí.

“Ìyá Bùnmi, ẹ ò lo oògùn yín.”

“Mo lò ó, mà.”

“Ẹ̀jẹ̀ yín ò sọ bẹ́ẹ̀.”

Gbogbo èrò orí bẹ́ǹṣì gbọ́. Inú bí mi, ó sì ń bí mi dòní. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Mo wo ọmọ ọwọ́ mi, mo ń rò ó pé bí mo bá kú, ta ni yóò tọ́ ọ?

Dókítà obìnrin kan ló wá bèèrè ohun tí wọn kò bi mí: kí ni mo fi ń gbé e mì? Ó ní tíì náà ṣara lóore, ó ń lé oorun lọ, ó sì ń mú ara yá. Ṣùgbọ́n bí a bá mu ún pọ̀ mọ́ oògùn ẹ̀jẹ̀, ó máa ń di irin inú rẹ̀ mú, kò ní jẹ́ kó wọ ara dáadáa. Kí n fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lo oògùn láàárọ̀, kí tíì di ọ̀sán.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ìyá ọkọ mi, wọ́n sunkún. N kò bínú sí wọn, ìfẹ́ ni wọ́n fi sè é. Díẹ̀díẹ̀ ni àtẹ́lẹwọ́ mi ń pọ́n, títí mo fi gbé ọmọ gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì láìsinmi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ara mi tí kò kọ̀ mí sílẹ̀.

Ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ mi pé, nọ́ọ̀sì kan náà rẹ́rìn-ín sí mi. “Ẹ ò rí i, nígbà tí ẹ wá ń lo oògùn yín?”

“Mo ti ń lò ó tẹ́lẹ̀,” ni mo wí, mo sì jẹ́ kí gbogbo bẹ́ǹṣì gbọ́.