Àpò Gbodo Lábẹ́ Fèrèsé

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí mo ní láti nàgà kí n tó rí ìta láti ojú fèrèsé, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alámọ̀ ni ilé wa ní Òsí. Pákó ni ilẹ̀kùn fèrèsé rẹ̀, kò sì sí irin kankan níbẹ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á rántí irú rẹ̀: tí atẹ́gùn bá ti fẹ́, á máa gbá pàá, pàá, títí ẹnì kan á fi lọ fi igi há a.

Òkè yẹn la ń kó gbodo sí, iṣu tí a ti bọ̀, tí a sì ti sá gbẹ, kí a tó gbé e lọ fún ẹlẹ́rọ pé kó lọ̀ ọ́ ní èlùbọ́. Òórùn rẹ̀ kì í kúrò lára aṣọ wa. Àwa ọmọdé máa ń jí i jẹ, bó tilẹ̀ le bí òkúta. A ó fi sẹ́rẹ̀kẹ́ títí á fi rọ̀. Tí Yèyé, ìyá mi, bá rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó yọ, á ti fi omorogùn kàn wá lórí kó tó bi wá pé kí la ń jẹ.

Ní ọdún kan, òjò pọ̀ jù, gbodo sì fẹ́ máa bu. Bàbá mi wá to àpò mẹ́ta sábẹ́ fèrèsé kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ sí i. Ohun tí gbogbo ilé ń ṣe náà nìyẹn. Kò sẹ́ni tó rò ó pé àpò yẹn ti di àtẹ̀gùn fún ọmọ kékeré.

Káyọ̀dé, àbúrò mi, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ eré sísá ni. Èmi ni mo ń ṣọ́ ọ. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo ń ta òkòtó fún un lókè, ó ń rẹ́rìn-ín kèékèé, ni Bàbá bá pè mí láti ìsàlẹ̀ pé kí n wá fẹ́ iná tí òun fi ń sun iṣu.

Mo ní, "Bàbá, Káyọ̀dé ńkọ́?"

Ó ní, "Ṣé ó fẹ́ fò ni? Sọ̀kalẹ̀, jàre!"

Mo sọ̀kalẹ̀. Iná kò tíì ràn dáadáa tí a gbọ́ gbì! lẹ́yìn ilé.

Kò kú. Itan rẹ̀ ló kán. Wọ́n bá wa to eegun náà, ṣùgbọ́n kò tò. Nígbà tí Yèyé ti odò dé, ohun tó kọ́kọ́ bi wá ni pé, "Ta ló fi í sílẹ̀?" Mo wo Bàbá. Bàbá ń wo ilẹ̀. Yèyé nà mí títí ọwọ́ fi ro ó, ó sì fi ata sí mi lójú. Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè mí ní Olùṣọ́. "Olùṣọ́, wá gba oúnjẹ rẹ. Olùṣọ́, o ò tíì fọ abọ́?" Bó ṣe ń pè mí nìyẹn títí ó fi kú.

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá rọra kó àpò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò, ó fi ìṣó kan fèrèsé náà pa. Kò sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Èmi mọ̀ ọ́n.

Káyọ̀dé kò lè kọ ebè, ó wá kọ́ṣẹ́ télọ̀. Tí mo bá yọ sí i ní ṣọ́ọ̀bù, á pariwo pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ tètè dì mí mú o, mo tún fẹ́ fò!" Àwọn oníbàárà rẹ̀ á máa rẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo máa ń wò.

Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ọmọ mi tó jẹ́ tíṣà kọ́ ní tirẹ̀, gíláàsì àti nẹ́ẹ̀tì ló wà lójú fèrèsé. Iná kì í dúró, ooru ń mú wọn, ìyàwó rẹ̀ sì gbé àga gígùn sábẹ́ fèrèsé kí wọ́n lè rí atẹ́gùn gbà. Mo ní kí wọ́n fi irin sí i, kí wọ́n gbé àga kúrò. Wọ́n ní, "Màmá, ẹ̀rù ti ń bà yín jù." Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bá àbígbẹ̀yìn wọn lórí àga náà, ó fi orí ti nẹ́ẹ̀tì, nẹ́ẹ̀tì ń ya lọ. Bí mo ṣe gbá a mú ni ìyá rẹ̀ sáré wọlé, ó sì gbá Bọ́lá, ọmọ rẹ̀ àgbà, létí: "Ṣé mi ò ní kó o ṣọ́ ọ ni?"

Mo ní, "Fi ọmọ yẹn sílẹ̀! Ta ló gbé àga síbẹ̀?"

Ọmọ mi wà níbẹ̀. Òun náà ń wo ilẹ̀.

Bọ́lá ló ń bá mi kọ èyí. Ó ní òun fẹ́ fo ibi ìgbátí yẹn, mo ní kó má fò ó. Láyé ìgbà yẹn, a kò mọ̀, kò sì sẹ́ni tó sọ fún wa. Lóde òní, wọ́n kàwé, wọ́n lówó irin, mo sì ti fi ẹnu ara mi sọ fún wọn. Àga náà ṣì wà lábẹ́ fèrèsé bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.