Bàtà Sójà Ará Kánádà

Ẹsẹ̀ mi ni Daddy kọ́kọ́ rí. Mo ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀ ní ọjọ́ Sunday kan nínú oṣù kọkànlá. Sùtánà mi ṣì wà lọ́rùn mi lábẹ́ kóòtù, n kò sì wọ bàtà, bí ìjọ aláṣọ funfun wa ṣe ń ṣe. Bọ́ọ̀sì kò tètè kúrò ní Rye Lane, ní Peckham, London níbí, kò sì sí àyè tí mo fi máa dé ilé lọ pààrọ̀ aṣọ kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Obìnrin kan nínú bọ́ọ̀sì wo ẹsẹ̀ mi títí, àfi bíi pé òun ni òtútù ń mú. Mo bojú wo ìta, mo ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Òyìnbó ará Kánádà ni arúgbó tí mo ń pè ní Daddy yìí. Nunhead ló ń gbé, iṣẹ́ mi sì ni kí n máa wẹ̀ fún un, kí n wọṣọ fún un, kí n sì fún un lóúnjẹ. Ó ti lé ní ẹni àádọ́rùn-ún ọdún. Ìyàwó rẹ̀, ọmọ bíbí Peckham, ti kú tipẹ́. Obìnrin ni ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ọ̀nà jíjìn ló ń gbé, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ń wá. Daddy kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àfi tí omi ìwẹ̀ bá gbóná jù. Ohun tó máa ń sọ nígbà yẹn kò ṣeé kọ síbí.

"Ta ló gba bàtà rẹ?" ló bi mí lọ́jọ́ náà.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kò sẹ́ni tó gbà á, pé tí a bá ti wọ aṣọ funfun, a kì í wọ bàtà sí i. Nígbà tí mo máa fi gbójú sókè, Daddy ń sunkún. Mi ò rí i kó sunkún rí.

Díẹ̀díẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi bí mo ṣe ń nu ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò fẹ́ jagun. Oko bàbá rẹ̀ ló wà tí ìjọba fi òfin mú un nígbà ogun àgbáyé kejì, òun àti ọmọ aládùúgbò wọn kan tí wọ́n jọ dàgbà. Àwọn méjèèjì kọ̀, wọn ò buwọ́ lùwé pé àwọn fẹ́ lọ jà lókè òkun. Àwọn sójà tó finú-fíndọ̀ lọ ń pè wọ́n ní ojo. Nígbà tí ogun ń parí lọ, wọ́n kó wọn lọ tipátipá, wọ́n já wọn sínú ẹrẹ̀ ilẹ̀ Holland. Bàtà Daddy ya, omi ń wọ̀ ọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ó sì ń rà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ìbọn ba ọ̀rẹ́ rẹ̀ yìí, ó kú. Bàtà tiẹ̀ ṣì dára. Daddy tú okùn rẹ̀, ó bọ́ ọ, ó wọ̀ ọ́, ó sì tẹ̀ lé àwọn yòókù lọ.

"Inú bàtà náà ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́," ó ní.

Èmi tí ẹnu mi kì í dákẹ́, mo fẹ́ tù ú nínú. "Daddy, ẹ má sunkún mọ́. Ní ilé wa, tí èèyàn bá kú, àwọn èèyàn rẹ̀ á pín aṣọ àti bàtà rẹ̀. Ẹni tó sún mọ́ ọn jù ló máa ń gbà á. Agbádá bàbá mi ni ẹ̀gbọ́n mi ń wọ̀ dòní. Ẹ̀yin nìkan ni ẹbí tí ọ̀rẹ́ yín ní níbẹ̀. Ẹ ò jalè o."

Ojú rẹ̀ là díẹ̀. Ó ronú, ó wá bi mí pé, "Ìgbà wo lẹ máa ń pín in?"

"Tí a bá ti sin òkú tán," mo dáhùn, mi ò tiẹ̀ rò ó.

Ojú tó là yẹn tún ṣú. "A ò sin ín," ó ní. "Ibi tó wà ni mo fi í sí, nínú òjò, láìsí bàtà."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo jókòó sílẹ̀ tèmi ti tówẹ̀lì lọ́wọ́. Inú mi bà jẹ́ gan-an, nítorí ohun tí a fi ń tu ara wa nínú nílé ni mo fi dá ọgbẹ́ kún ọgbẹ́ rẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, kò gbà kí n wọ bàtà fún un mọ́, títí kan sálúbàtà ilé. Nígbà tí ara rẹ̀ kò gbé e mọ́, ó di ọwọ́ mi mú. "Má jẹ́ kí wọ́n wọ bàtà fún mi sin. Bí mo ṣe fi í sílẹ̀ ni kí n ṣe lọ bá a." Mo ní kí ló dé tí kò sọ ọ́ fún ọmọ rẹ̀. Ó ní akíkanjú ni ọmọ òun rò pé òun jẹ́. Mo ṣèlérí fún un.

Ó kú nígbà òtútù yẹn náà. Ọmọ rẹ̀ gbé kóòtù dúdú àti bàtà tuntun tó ń dán lọ fún àwọn tó ń tọ́jú òkú. Mo pe arábìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tó ń ṣe irú iṣẹ́ mi, mo sọ ìlérí tí mo ṣe fún un.

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá sí family matter wọn o," ó ní. "Tí wọ́n bá report yín sí agency tó gbà yín síṣẹ́ ńkọ́? Carer lẹ jẹ́, ẹ kì í ṣe family."

Òótọ́ ló sọ. Omi wá ti ẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Àmọ́ tí mo bá ti bọ́ bàtà mi láti wọ sùtánà báyìí, Daddy ni mo ń rántí, mi ò sì rí àdúrà gbà.

Ọjọ́ tí a lọ wò ó kẹ́yìn, èmi àti ọmọ rẹ̀ nìkan la wà níbẹ̀. Daddy wà nínú pósí, bàtà tuntun náà nà sókè. Mo kúnlẹ̀. "Aunty, ẹ má bínú," mo ní, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ẹrẹ̀, ọ̀rẹ́, bàtà, àti ohun tí mo sọ nípa bí a ṣe ń pín ẹrù òkú. Mo rò pé ó máa lé mi jáde.

Ó ń wo bàtà náà. "Òun ló máa ń so okùn bàtà mi ní kékeré," ó ní. "Ọwọ́ rẹ̀ máa ń gbọ̀n. Òtútù ni mo pè é."

Ó tú ẹsẹ̀ kan, èmi tú èkejì. Ẹkún ò jẹ́ kí n ríran dáadáa.

Nígbà tí a jáde, ó kó bàtà náà lé mi lọ́wọ́. "O ní ẹni tó sún mọ́ ọn jù ló máa ń gbà á," ó ní. "O mọ̀ ọ́n jù mí lọ."

Mi ò lè kọ̀ ọ́. Mo gbé e sínú báàgì, mo gba Rye Lane lọ sílé. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ló wà dòní, tuntun ni, kò tíì tẹlẹ̀ rí. Mi ò lè fún ẹnikẹ́ni wọ̀. Wọn ò tíì sin Daddy nígbà tí mo gbà á.