Òkú Mẹ́tàlélógójì Tí Wọ́n Ṣì Ń Jẹun

Iṣẹ́ tí Lábíkẹ́ Fámódùn ń ṣe kò ní orúkọ ní Òṣogbo. Àwọn aládùúgbò rẹ̀ lọ́nà Ọ̀fàtẹ̀dó ń pè é ní Ìyá Apakọ̀ǹpútà, ó sì ń dáhùn. Kì í tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ àtúnṣe, kó kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì. Tirẹ̀ ni pé kí ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà kú, kó má jí mọ́.

Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi tẹ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Àbẹ̀rẹ̀. Níbẹ̀ ló ti rí i tí wọ́n sun fáìlì àtijọ́, tí ọ̀gá dúró tì í títí ó fi di eérú. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan náà, wọ́n kó kọ̀ǹpútà tí gbogbo fáìlì ọ̀hún wà nínú rẹ̀ fún àwọn tó ń ra àlòkù irin. Lábíkẹ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Oṣù kejì, ó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Alágbẹ̀dẹ ni bàbá rẹ̀ ní Iléṣà. Ó ń bọ Ògún nígbà tó yẹ, ó sì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú kí ìyàwó rẹ̀ lè jẹ́ kó sinmi. Nígbà tó kú, àwọn ọmọkùnrin pín ilẹ̀. Lábíkẹ́ mú ọmọ owú, òòlù tí bàbá fi ń rọ irin.

Òfin méjì ló lẹ̀ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Èkínní: N kì í wo inú rẹ̀. Èkejì: Olóhun ni yóò kọ́kọ́ lù ú. Ó ní ẹni tí kò bá fojú ara rẹ̀ rí òkú kò ní gbà láé pé ó ti kú, oorun kò sì ní kùn ún.

Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ́ọ̀ kan, Alàgbà Míkà Akínladé wọlé. Òun ni akọ̀wé ìjọ tí Lábíkẹ́ ti kọrin nígbà èwe rẹ̀ ní Iléṣà. Ó di nǹkan sínú aṣọ funfun, ó gbá a mọ́ àyà.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ jókòó."

"Mi ò lè jókòó. Lábíkẹ́, òkú mẹ́tàlélógójì ló wà nínú ohun tí mo gbé dání yìí."

"Ẹ ní mélòó?"

"Wọ́n ṣì ń jẹun o. Mo pàdé ẹnì kejìlélógún lọ́nà láàárọ̀ yìí. Ó kí mi dáadáa."

Alàgbà ló máa ń kọ ìtàn ìgbésí ayé tí wọ́n ń kà nígbà ìsìnkú. Nígbà kan, wọ́n wá bá a ní Ọjọ́bọ̀ fún òkú ọjọ́ Jímọ́ọ̀. Ìkánjú mú kó fi orúkọ ìyàwó kékeré sípò ìyáálé. Ìjà bẹ́ létí sàréè, bàtà pásítọ̀ kan sì bá òkú lọ. Láti ọjọ́ náà ni Alàgbà ti pinnu pé òun kò ní kánjú mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ti àwọn ọmọ ìjọ sílẹ̀ ní kọ̀ọ̀kan, láti orí ẹni tó dàgbà jù. Ilé ìwé tí wọ́n lọ, ọmọ tí wọ́n bí, ipò tí wọ́n dì mú. "Ó sùn nínú Olúwa ní ọjọ́…" Ó fi àyè sílẹ̀ fún ọjọ́.

Ní Iléṣà, ẹni tó bá kọ ikú alààyè sílẹ̀ kì í ṣe olùmúrasílẹ̀. Òun ló ń ránṣẹ́ pe ikú. Bí èèyàn kan bá rí ìwé náà, gbogbo orí tó bá fọ́ títí di Kérésì, ọwọ́ Alàgbà ni. Wọn ò kàn ní gba ipò akọ̀wé lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin yóò di ẹrù rẹ̀ kúrò nílùú tí wọ́n bí i sí.

Ìjọ sì ti ra kọ̀ǹpútà tuntun. Wọ́n fi ti àtijọ́ ta Màmá Julianah, ìyá àgbà ìjọ tó ní ilé ìwé, lọ́rẹ. Lọ́jọ́ Ajé, olùkọ́ yóò tan án níwájú àwọn ọmọ.

"Ẹ ò pa á rẹ́ ni, sà?"

"Mo pa á rẹ́. Mo da ìdọ̀tí rẹ̀ nù. Mo tún ta òróró sí i lórí."

"Òróró wo?"

"Ti àdúrà."

Lábíkẹ́ mí kanlẹ̀. Àlàyé kan náà ló ń ṣe fún gbogbo wọn. "Sà, bí ẹ bá pa á rẹ́, orúkọ ara ilẹ̀kùn lẹ pa rẹ́. Èèyàn ṣì wà nínú yàrá. Ẹni tó bá mọ ilẹ̀kùn ṣí yóò bá a níbi tó jókòó sí. Ẹ jẹ́ n rí i."

Alàgbà tú aṣọ. Ojú kọ̀ǹpútà ló wà níbẹ̀, gíláàsì pẹlẹbẹ tí à ń wò, pẹ̀lú wáyà rẹ̀ tí ó dì mẹ́rin.

Lábíkẹ́ wò ó. Ó wo Alàgbà.

"Ìyókù ńkọ́, sà?"

"Ìyókù wo? Inú ibí yìí ni mo ti ń rí wọn lójoojúmọ́."

"Fèrèsé lẹ gbé wá, sà. Àwọn òkú wà nílé."

"Háà."

"Àpótí abẹ́ tábìlì ńkọ́?"

"Mo rò pé ibi tí iná ń gbà wọlé ni. Ó ti wà nílé ìwé."

Alàgbà wá jókòó.

Takisí ni wọ́n wọ̀ lọ sí Iléṣà. Alàgbà gbé fèrèsé rẹ̀ lé itan bí ọmọ ìkókó. Ọmọ owú àti dìríìlì wà nínú báàgì Lábíkẹ́.

"Ta ni ẹnì kìíní nínú wọn, sà?"

"Màmá Julianah fúnra rẹ̀."

Lábíkẹ́ fi ẹsẹ̀ ti báàgì rẹ̀ sábẹ́ ìjókòó.

Wọ́n bá a ní ọ́fíìsì ilé ìwé, ó ń jẹ àkàrà. Àpótí náà wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀, àmì òróró ṣì ń dán lórí rẹ̀.

"Màmá, a fẹ́ yọ nǹkan kékeré kan nínú rẹ̀," ni Alàgbà wí.

"Ohun tí wọ́n bá fún mi ti di tèmi. Kí ni nǹkan kékeré ọ̀hún?"

"Ìdọ̀tí ni, mà."

"Ìdọ̀tí wo ló ń mú ọ làágùn báyìí?"

Irọ́ kan wá sí Lábíkẹ́ lẹ́nu, irọ́ tó gún régé. Kòkòrò wọ inú rẹ̀, mà. Ẹnu rẹ̀ ti là. Ó rántí òfin ara ògiri rẹ̀. Màmá ló ni ín báyìí. Màmá ni yóò kọ́kọ́ lù ú. Èèyàn kì í lu ohun tí kò mọ̀.

"Ẹ sọ fún wọn, sà," ló wí.

Alàgbà sọ ọ́. Màmá Julianah dá àkàrà dúró ní ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Uwọ Míkà! O sìnkú mi?"

"Mi ò sin yín, mà. Mo kàn kọ ọ́ ni."

"Ọjọ́ wo lo ní mo kú?"

"Mo fi àyè sílẹ̀."

"O ṣeun. O mà káre. O fi àyè sílẹ̀."

Ó dìde, ó fi kọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn, ó sì ju kọ́kọ́rọ́ sí àárín ọmú. "Gbé gíláàsì yẹn síbẹ̀. Lábíkẹ́, jí mi dìde."

"Mà, n kì í wo inú rẹ̀."

"Ta ló ní kí o wò ó? Jí i, kí o kọjú sí ògiri. Èmi ni mo ni òkú."

Fúláàṣì kékeré tó ń jí ohun tí wọ́n ti pa rẹ́, tí Lábíkẹ́ fi ń dẹ́rù ba oníbàárà tó bá ń jiyàn, wà nínú báàgì rẹ̀. Ó fi í sí i. Màmá kò tíì jẹ àkàrà kan tán tí gbogbo wọn fi dé, mẹ́tàlélógójì, wọ́n tò bí ọjọ́ orí wọn ṣe rí. Lábíkẹ́ kọjú sí ògiri. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kọ́ etí bí a ṣe ń dijú.

"Kà á," ni Màmá wí.

"Olóògbé Màmá Julianah jẹ́ onísùúrù…"

"Ta ló sọ fún ọ? Máa lọ."

"…ó kú ní ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún…"

"Mélòó? Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni mí!"

"Mo fi díẹ̀ lé e, mà."

"Ọdún mẹ́jọ péré lo fún mi, Míkà?"

"Ti àwọn yòókù ò tó bẹ́ẹ̀, mà."

Lábíkẹ́ bu ètè jẹ. Alàgbà ń kà lọ.

"Lọ́dún tí a ń kọ́ ilé ìsìn, ó ru omi láti odò tòun toyún oṣù méje. Lọ́jọ́ ìyàsímímọ́, kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀."

Àwọn ọmọ ilé ìwé ń pariwo níta.

"Ta ló sọ ìyẹn fún ọ?"

"Mo wà níbẹ̀, mà. Èmi ni mo ń gbé korobá kékeré tẹ̀lé yín."

Màmá fi etí ìró nu ọwọ́, ìka kan tẹ̀lé ìka kan. Ó ti bébà sí iwájú rẹ̀. "Da ibẹ̀ yẹn kọ fún mi. Fi ọdún mẹ́jọ rẹ sílẹ̀." Nígbà tó kọ ọ́ tán, ó ká a, ó kì í sáyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́kọ́rọ́. "Ó tó. Lábíkẹ́, pa gbogbo wa."

Lábíkẹ́ tú àpótí. Ó yọ háádì, irin pẹlẹbẹ bí ìwé orin, níbi tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun gbogbo pamọ́ sí. Màmá ṣí ilẹ̀kùn, Lábíkẹ́ gbé e lé àtẹ̀gùn sìmẹ́ǹtì lẹ́yìn ọ́fíìsì, ó fi ọmọ owú lé olóhun lọ́wọ́. Màmá Julianah so ìró le. Ó lù ú lẹ́ẹ̀mẹ́ta, bí ẹni tí kò ní ọdún mẹ́jọ láti fi ṣòfò. Lábíkẹ́ fi dìríìlì lu ú já níbi márùn-ún, ó ṣí i, ó kó àwo dídán inú rẹ̀ jáde. Òòlù kan, wọ́n fọ́ bí yìnyín.

"Ẹ wò ó, mà. Ẹ fojú ara yín rí i."

"Mo rí i."

Alàgbà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ṣa èyí tó ta sínú koríko. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, àwọn èèyàn…"

"Ta ni mo fẹ́ sọ fún? Kí wọ́n lè mọ̀ pé mo ti kú?" Ó dá ọmọ owú padà fún Lábíkẹ́. "Ṣùgbọ́n Míkà, tìrẹ wà nínú wọn?"

"Rárá, mà. Èèyàn kì í kọ tara rẹ̀."

"Má dààmú. Màá bá ọ kọ ọ́. Láti orí fèrèsé tí o gbé lọ sí Òṣogbo ni màá ti bẹ̀rẹ̀."

Alàgbà fẹ́ ṣe àmín. Ikọ́ ló jáde.

"Pẹ̀lẹ́," ni Màmá Julianah wí. "Màá fi àyè sílẹ̀."