Pákó Tí Kò Kan Àjà

Ìdákẹ́jẹ́ ni Mardiyah Olúbọ̀dé kọ́kọ́ fura sí.

Ó ti pẹ́ tó ti kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ wá ṣe olùkọ́ ní Ìgàndò, kò sì tíì rí kíláàsì ọmọdé tó ń dákẹ́ lásán. Pákó ni wọ́n fi pín yàrá ńlá kan sí méjì, kíláàsì tirẹ̀, A, níhìn-ín, B lọ́hùn-ún. Pákó náà ò kan àjà, ariwo B sì máa ń gba òkè rẹ̀ wọlé. Ṣùgbọ́n bí A bá ti ṣí ìwé ìtàn báyìí, B á pa lọ́lọ́.

Àjọ kan ló kó ìwé náà wá: ìwé kíkà lójoojúmọ́ lẹ́yìn ẹ̀kọ́, fún A nìkan. Wọ́n dán kíláàsì méjèèjì wò ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n á tún dán wọn wò kí ọdún ẹ̀kọ́ tó parí. Bí A bá fi B sílẹ̀, ìwé á dúró. Bí wọ́n bá dọ́gba, wọ́n á kó o lọ síbòmíràn.

Mardiyah fẹ́ kí ó dúró. Hamdalah, tí kò lè ka orúkọ ara rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ti ń ka odidi ojú ewé.

Olùkọ́ á ka ìlà kan, gbogbo ọmọ á fi ariwo gbà á. Lọ́jọ́ kan tí èéfín àkìtàn bo ọgbà, ó fi A sílẹ̀ sẹ́nu kíkà, ó lọ yọjú sí B. Ìtàn inú ìwé A ló wà lójú pátákó ìkọ̀wé, ìlà lórí ìlà. Olùkọ́ B, Olúdayọ̀ ará Èkìtì, ṣì di ṣọ́ọ̀kì mú, ó tẹ́tí.

“Brọ̀dá Dayọ̀, ẹ fẹ́ pa wá!” Mardiyah ké.

“Kí ni mo ṣe, Ìyá Fàthíà? Ẹ̀yin lẹ ń pariwo. Mo létí jàre.”

“Wọ́n máa fi wá wé ara wa o!”

“Ṣé kí n wá fi òwú dí gbogbo ọmọ yìí létí ni, àbí?”

Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Mardiyah ò lè rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì, ó ní kí A rẹ ohùn sílẹ̀. Ọmọ kan ké láti ẹ̀yìn pákó: “Ẹ gbé e sókè, a ò gbọ́ o!”

Ó gbé e sókè.

Nígbà tí àkókò ìdánwò tó, àjọ rán Charles wá pẹ̀lú fóònù tó fi ń wo ìṣẹ́jú. Hamdalah kàwé, kò kọsẹ̀. Ọmọ B tó tẹ̀lé e náà ò kọsẹ̀.

“Aúntí, kò síyàtọ̀. Ètò yìí ò ṣiṣẹ́.”

Mardiyah ṣàlàyé fún un bí B ṣe ń gbọ́ ìtàn látòkè pákó, tí wọ́n ń kọ ọ́ sójú pátákó. Charles wo òkè pákó títí.

“Tí mo bá kọ ìyẹn, ìdánwò ti bàjẹ́ nìyẹn. Wọn ò ní fi ìwé síbi tí ìdánwò ti bàjẹ́.”

Bóyá òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n èsì ti ìbẹ̀rẹ̀ wà nínú fóònù kan náà: kíláàsì méjèèjì ti kúrò níbi tí wọ́n wà, wọ́n ti rìn jìnnà. Ìyẹn kọ́ ni wọ́n rán an.

Lọ́jọ́ Ajé, kọ́bọ́ọ̀dù ìwé ti ṣófo, àjọ ti kó wọn lọ. Nígbà tí àkókò ìwé kíkà tó, B pa lọ́lọ́. A náà pa lọ́lọ́. Ohùn kékeré kan wá gba òkè pákó wọlé:

“Aúntí, a ti ṣe tán o.”

Ṣọ́ọ̀kì Olúdayọ̀ kan pátákó lẹ́ẹ̀kan. Kò kọ nǹkan kan.