Èkúté Ọmọ Ìyá Kan Náà

Àǹtí mi ló tọ́ èmi àti ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí dàgbà ní Elekahia, ní Port Harcourt. Orí ẹní kan la ń sùn, ẹ̀fọn kan náà ló ń jẹ wá. Ibà mú wa pọ̀, àǹtí mi sì fún wa ní oògùn kan náà. Èmi dìde, òun kú. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń bi mí, bíi pé mo jí nǹkan wọn, "Kí ló dé tó jẹ́ tèmi ló kú?"

Ìbéèrè yẹn ló gbé mi dé ìdí èkúté ní fásitì. Ìdílé èkúté méjì ni mo ń sìn, gbogbo wọn funfun báláú. Bí ibà bá mú ìdílé kan, wọ́n á yè é. Ìkejì á kú. Ohun tí wọ́n jogún, tó ń kọ́ ara bí yóò ṣe bá àìsàn jà, ló yàtọ̀. Mo fẹ́ mọ ibi tó ti yàtọ̀ gan-an. Kí ìdílé méjèèjì má bàa dà pọ̀, akọ àti abo ọmọ ìyá kan náà ni mo máa ń fi sínú àgò kan, láti ìran dé ìran. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń gun mọ́tò iléeṣẹ́ epo kiri Port Harcourt, èmi ń kó ìgbẹ́ èkúté.

Àwọn olùkọ́ wá yanṣẹ́ lódì, wọ́n ti ilé ẹranko pa. Mo kó èkúté mi lọ sí yàrá ẹ̀yìn ilé àǹtí mi. Nígbà tí mo fẹ́ rìnrìn àjò lọ sí Ìbàdàn, mo ṣàlàyé fún wọn dáadáa ìdí tí a kì í fi í pààrọ̀ àwọn èkúté náà. Àlàyé yẹn ló bà mí jẹ́.

Nígbà tí mo padà dé, àǹtí mi ti tú gbogbo àgò, wọ́n ti pín àwọn èkúté bó ṣe wù wọ́n.

"Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, nínú ilé tí mo ti ń gbàdúrà?" ni wọ́n wí. "Abeg, èèwọ̀ ni. Mo ti fún kálukú ní ìyàwó ìta. See as all of them don fat."

Lóòótọ́ ni wọ́n sanra. Ọmọ kún inú àgò, kò sì sí èyí tí mo lè dá mọ̀. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Inú bí mi, inú ṣì ń bí mi.

Lọ́jọ́ kan tí a ń jẹ ẹ̀bà, àǹtí mi tún béèrè pé kí ló dé tó jẹ́ tiwọn ló kú. Mo ní, "Mi ò mọ̀, mà." Òótọ́ ni mo sọ. Àwọn fúnra wọn ló rí sí i pé mi ò ní mọ̀.