Àwòrán Tí Mo Fín Sórí Bàbà

Nígbà tí mo fi ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ ní Houston tí mo bọ́ sídìí iṣẹ́ ọnà, mo kọ̀wé sọ fún bàbá mi nílé. Wọn ò fèsì. Ọdún méjì gbáko, ìyá mi nìkan ló ń kọ̀wé: "Bàbá rẹ ń kí ọ." Mo gbà pé wọ́n ti kọ̀ mí lọ́mọ. Ó dùn mí, èmi náà sì bínú.

Lọ́dún kejì náà, olùkọ́ wa ní kí n kọ nípa ará Jámánì àtijọ́ kan, ọmọ alágbẹ̀dẹ wúrà, tó ń fín àwòrán sórí bàbà pẹlẹbẹ. Yóò gbé bàbà lé ìrọ̀rí awọ tí iyanrìn kún inú ẹ̀, yóò máa yí i kiri bó ṣe ń fi irin ẹnu mímú fín in. Yóò wá fi yíǹkì kún ojú fínfín náà, yóò sì fi ẹ̀rọ tẹ bébà mọ́ ọn. Nínú àwọn àwòrán tó kọ́kọ́ ṣe, ọwọ́ òsì ni gbogbo ọmọ ogun fi di idà mú, torí ohun tó bá wà lọ́tùn-ún lórí bàbà, òsì ló ń bọ́ sí lórí bébà. Mo fi ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín dáadáa. Àgbà oníṣẹ́ bẹ́ẹ̀!

Ó wá kan kí èmi náà fín tèmi. Oṣù mẹ́ta ni mo fi fín in nínú àpátímẹ́ǹtì mi ní àdúgbò Fondren: èmi lórí ìkúnlẹ̀, mò ń gbé ife omi fún bàbá mi. Mo fẹ́ fi bẹ̀ wọ́n ni. Mo ṣí bébà kúrò lára bàbà, ọwọ́ òsì ni mo fi ń gbé omi fún bàbá tó bí mi! Olùkọ́ wa ò rí àléébù kankan, ó fún mi ní máàkì tó ga jù.

Ìyá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ará Missouri City nítòsí Houston, ń lọ sílé lọ́jọ́ kejì, mo sì gbé àwòrán náà lọ bá wọn kí wọ́n lè bá mi mú un dé ọ̀dọ̀ bàbá mi. Bí wọ́n ṣe rí i ni wọ́n pariwo.

"Ah-ah! Left hand kẹ̀? A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni, ìwọ wá fi ń gbé omi fún Daddy ẹ? Please, lọ ṣe òmíràn jàre."

Àyè òmíràn ò sí. Mo kọ lẹ́tà àforíjì mọ́ ọn, mo bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi gbé e lọ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọ́n mú èsì dé. Tíṣà ni bàbá mi, ìwé wọn máa ń gún régé, àmọ́ eléyìí wọ́ bíi ti ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi.

"Ọmọ mi, mo rí omi rẹ gbà. Ìyá rẹ ní ká má sọ fún ọ, kí ọkàn rẹ lè balẹ̀ sídìí ẹ̀kọ́ rẹ. Láti ọdún méjì ni apá ọ̀tún mi ti rọ. Ọwọ́ òsì ni mo fi gba ife náà, òun náà ni mo fi ń kọ ìwé yìí."

Mo sunkún títí ojú mi fi wú. Ọdún méjì ni mo fi ń bínú sí wọn, àṣé wọn ò lè fi ọwọ́ ọ̀tún di bírò mú mọ́.