Sìmẹ́ńtì Funfun Lára Ẹ̀rọ Géèmù

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń bẹ ẹ̀gbọ́n wọn pé kó má bú àwọn mọ́. Èmi ní tèmi, mo fowó ara mi wá ọ̀nà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin á fi tún bú mi.

Ìgbà ọyẹ́ ni ọkọ rẹ̀ kú. Nígbà tó di oṣù kejì, mo lọ mú un wá sílé wa ní Ajah, torí èmi nìkan ni àbúrò tó ní. Ìjọ aláṣọ funfun ló ń lọ, sùtánà ló sì ń rán jẹun, nítorí náà ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ nìkan lẹrù tó wúwo. Èmi àti ìyàwó mi ti múra sílẹ̀ de ẹkún. Ọpẹ́ la ò múra sílẹ̀ dè. Tá a bá gbé omi fún un, "Ẹ ṣé o, bàbá ilé." Tá a bá tan fáànù, "Ẹ ṣé, Ọlọ́run á san án fún yín." Lọ́jọ́ kan, mo ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi! Obìnrin tó pọ̀n mí dàgbà, tó máa ń fa etí mi láti odò délé l'Óṣogbo! Ó ti sọ ara rẹ̀ di àlejò sí mi lọ́wọ́. Ó wá rọra sọ fún ìyàwó mi pé tí oṣù bá ti parí, òun á kó lọ sí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì òun ní Ìbẹ̀jú, kóun má baà di ẹrù sí wa lọ́rùn. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé egungun. Mo mọ̀ pé tó bá débẹ̀, kọ̀rọ̀ kan ni yóò jókòó sí, tí yóò máa dúpẹ́ títí yóò fi gbẹ.

Nígbà tá a wà ní kékeré, bàbá wa ra géèmù kan tí wọ́n ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n, tí wọ́n ń ki kásẹ́ẹ̀tì bọ̀ lórí. Ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ ọmọ jẹ́jẹ́ lójú gbogbo àdúgbò, tó bá ti di géèmù yẹn mú, ẹnu rẹ̀ á di abẹ. Bó ṣe ń fi ọkọ̀ ogun rẹ̀ fọ́ tèmi ni yóò máa bú orí mi, yóò bú ẹsẹ̀ mi, yóò bú tíṣà tó kọ́ mi. Mi ò tíì rí i kí inú rẹ̀ dùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, nígbà tí mo gbọ́ pé ẹ̀rọ kékeré kan wà, tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tí wọ́n kó gbogbo géèmù àtijọ́ yẹn sínú rẹ̀, mo ní oògùn ti dé.

Iṣẹ́ táìlì ni mò ń ṣe. Ìkátẹ̀ là ń bá iṣẹ́ lọ nígbà yẹn, nínú ọgbà ilé tuntun kan, ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin tó ń ta àwọn ẹ̀rọ géèmù yìí sì wà létí ọ̀nà márosẹ̀, níbi tí eruku àwọn tó ń tún ọ̀nà ṣe ti ń bà sórí gbogbo ọjà. Méjì péré ni apá mi ká. Ọ̀kan funfun, ó fúyẹ́, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere. Èkejì dúdú, ó wúwo, bátìrì rẹ̀ sì máa ń pẹ́. Olùtajà ń ṣàlàyé ohun tó wà nínú ikùn wọn fún mi, mò ń mirí bí alángbá. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ ò yé mi mọ́, mo ṣe ohun tí mo mọ̀: mo fi ìka kan èyí funfun, kó, kó, kó.

Bí a ṣe ń ṣe nìyẹn lẹ́nu iṣẹ́ wa. Tá a bá lẹ táìlì tán, tó gbẹ, a ó kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá dún òfìfo, sìmẹ́ńtì ò kún abẹ́ rẹ̀, ká tú u ló kù.

"Ọ̀gá mi, ṣé àgbọn ni?" olùtajà ní. "Wọ́n ń tan game ni o, wọn kì í kàn án!"

Mo kan èyí dúdú. Ó dún kíkún. Mo sọ fún un pé hollow ni èyí funfun, ó wò mí bí ẹni wo wèrè. Lọ́jọ́ kejì, mo mú ọ̀rẹ́ mi káfíńtà lọ, kí n lè ní ẹlẹ́rìí. Káfíńtà fa irin tó fi ń wo igun yọ nínú àpò, ó gbé e lé ẹ̀rọ méjèèjì, ó ní igun kan ò dọ́gba lára funfun. Olùtajà bá na ọwọ́ sí ẹnu ọ̀nà. "Ẹ kúkú lọ pe bricklayer àti plumber wá," ó ní, "kẹ́ ẹ lè pé!"

Wàhálà kan ló kù. Ìjọ ẹ̀gbọ́n mi kì í wọ aṣọ dúdú tàbí pupa. Aṣọ ni wọ́n sọ o, ṣùgbọ́n òun ti sọ ọ́ di òfin gbogbo nǹkan. Ó rán àpò funfun fún fóònù rẹ̀, ó sì rán òmíràn fún rìmóòtù wa. Ẹ lè ní kí ló dé tí mi ò ra funfun. Ṣebí mo ti wí i, òfìfo ló ń dún! Ẹni tó ti ń lẹ táìlì láti ọdún méjìdínlógún ò lè la ojú rẹ̀ sílẹ̀ kó ra òfìfo. Mo ra dúdú. Mo ní kí olùtajà tò ó kó máa ṣí tààrà sórí géèmù ọkọ̀ ogun wa, mo gbé e délé, mo sì fi ọ̀dà ilẹ̀kùn tó ṣẹ́ kù níbi iṣẹ́ kùn ún funfun báláú.

Ó gbẹ, ó dán. Àfi etí àwọn bọ́tìnnì, tí ìlà dúdú tín-ín-rín ṣì yí ká. Mo yí i síbí, mo yí i sọ́hùn-ún, àlàfo yẹn ṣáà ń wò mí. Èmi ò lè rí àlàfo kí n fi í sílẹ̀, mi ò ní sùn dáadáa bí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀. Mo po sìmẹ́ńtì funfun díẹ̀ sínú ọmọrí agolo, mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ wọ gbogbo etí bọ́tìnnì, mo fi fóòmù tútù nù ún bí ẹni ń ṣe balùwẹ̀ ọba. Ìyàwó mi dúró lẹ́yìn mi, ó béèrè bóyá kì í ṣe pé ó yẹ kí nǹkan wọ̀nyẹn máa wọlé tí wọ́n bá tẹ̀ wọ́n. Mo ní kó fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún oníṣẹ́.

Ọjọ́ Ìsinmi ni mo fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, sùtánà ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ẹsẹ̀ lásán. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. "Ẹ ṣé o, bàbá ilé. Ó mà funfun o." Mo bá a tan án. Orin àtijọ́ yẹn bẹ̀rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi sì gbé orí sókè, ojú rẹ̀ là. Ó tẹ bọ́tìnnì. Kò mì. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ọkọ̀ ogun rẹ̀ dúró gbagidi, wọ́n ń yìnbọn lù ú. Ó gbé ẹ̀rọ náà sún mọ́ ojú, ó fi èékánná ha á, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Kí lo fi síbí?"

"Sìmẹ́ńtì ni."

"Sìmẹ́ńtì?"

"Funfun ni, ẹ̀gbọ́n mi."

Ló bá bú jáde. "Ọ̀dẹ̀ paraku! Ìwọ lo gbé game, lo bá fi cement dí i! Tí wọ́n bá gbé ọmọ tuntun fún ẹ, ṣé wàá dí i nímú torí pé ihò wà níbẹ̀? Háà, màmá ò mọ̀ pé kùkùté lòun gbé pọ̀n!"

Ìyàwó mi sáré jáde láti ilé ìdáná, ó rò pé ìjà ni. Mo ṣẹ́wọ́ sí i pé kó fi í sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti fa abẹ́rẹ́ yọ láti ibi iṣẹ́ ìránṣọ rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀, ó ń ha sìmẹ́ńtì. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, mo gbé àwo dúró de eruku sìmẹ́ńtì tó ń bọ́. Bọ́tìnnì kan, èébú mẹ́rin. Ó bú káfíńtà tí kò rí rí. Ó bú ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́. Ọ̀sán lọ, a ò kúrò lójú kan, inú mi sì ń dùn bí ìgbà tí wọ́n ń kì mí.

Ìyàwó mi gbé ẹ̀bà wá. Ẹ̀gbọ́n mi gbà á láì gbójú sókè, ó kó òkèlè kan sẹ́nu, ó dáwọ́ dúró. À ń retí ọpẹ́.

"Iyọ̀ ò sí nínú ọbẹ̀ yìí," ó ní. "Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń jẹun nínú ilé yìí? Tó bá di oṣù tó ń bọ̀, èmi ni n ó máa sebẹ̀. Ìwọ, kí lò ń wò? Lọ gbé iyọ̀ wá!"

Mo dé ilé ìdáná, mi ò rí iyọ̀. Iwájú mi gan-an ló wà, ṣùgbọ́n omi ti bo ojú mi.